Ọ̀gá Tó Ń Tọ́ Pẹ́ńsù Wò

Wọ́n yọ Ọ̀gbẹ́ni Josiah Ọládipọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹta ọdún 1982, nítorí pẹ́ńsù kan tí kò lè fi sílẹ̀ fún ọmọdébìnrin kan. Ojúmọmọ ni. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́, ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ sì rí elésè àlùkò láti ètè dé ahọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀ nìyí.

Ilé iṣẹ́ tí ó ń darí ń jẹ́ Àjọ Ohun Ìkọ̀wé. Iṣẹ́ àjọ náà kò le. Ìjọba a fi ìwé, ṣọ́ọ̀kì àti pẹ́ńsù ránṣẹ́, àjọ a gbà wọ́n, a sì pín wọn fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹni tó bá ti ní mọ́tò kan àti awakọ̀ tí kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́ lè ṣe é parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ kì í ṣe ènìyàn tí í jẹ́ kí iṣẹ́ kékeré máa jẹ́ kékeré.

Adelé ni. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní kí òun di àga náà mú ná, títí Kọmíṣọ́nnà yóò fi wá fojú ara rẹ̀ wò ó bóyá kí ó máa jókòó lọ ni tàbí kí ó dìde. Ọ̀rọ̀ “adelé” yìí ń gún un lára. Ó ní kí ayàwòrán kọ “Ọ̀gá Àgbà” gàdàgbà sí ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun, kí ó sì kọ “adelé” sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹrẹ̀ bàtà àti omi ìfọlẹ̀ ti ń ta sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, àfi kí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ a rò pé òun ni wọ́n ń kí.

Ká sọ ti Ọlọ́run, kò mutí. Kì í lé obìnrin kiri. Pẹ́ńsù ló ń kó jọ.

Ó ní oríṣiríṣi. Ó ní èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó ní rọ́bà lórí, ó ní oníhà mẹ́fà àti rìbìtì, ó ní pẹlẹbẹ tí àwọn káfíńtà ń há sí etí, ó ní elórí méjì tí àwọn olùkọ́ fi ń sàmì, pupa lápá kan, búlúù lápá kejì. Èyí tó fẹ́ràn jù ni aláwọ̀ ewé kan láti ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n fi wúrà kọ nǹkan sí lára. Òwúrọ̀ kí ó tó ka fáìlì kankan, yóò ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, yóò mú pẹ́ńsù kan, yóò yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Ó ní bí òjé inú rẹ̀ bá ti kán, òun máa ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà yóò gbóòórùn igi rẹ̀, yóò di ojú, yóò mí kanlẹ̀. Yóò wá fi bíléèdì gbẹ́ ẹ, èépá yóò máa jáde ní wíwé láì já, bí èèpo iṣu tí obìnrin tó mọwọ́ bẹ. Ẹni tó bá rí i nígbà yẹn, yóò mọ̀ pé inú ọkùnrin náà dùn tinútinú, kò sì sí ẹni tí ayọ̀ náà pa lára.

Ohun tó bà á jẹ́ ni ahọ́n.

Ẹ̀yin náà rántí. Ta ni kò lá pẹ́ńsù ní kíláàsì kìíní, kí ó lè dúdú dáadáa? Olùkọ́ ló fi ẹgba gbà á kúrò lẹ́nu wa. Ti Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀, kò sí olùkọ́ tó gbà á. Nígbà tó sì di ọ̀gá, ó sọ ọ́ di ìmọ̀. Ó ní òjé pẹ́ńsù ní adùn, pé ahọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n lá nìkan ló lè sọ iṣẹ́ tí pẹ́ńsù kan yóò ṣe láyé. Yóò fi ẹnu pẹ́ńsù kan ahọ́n, yóò wo òkè àjà, yóò ní, “Èyí dára fún ìṣirò, kò dára fún lẹ́tà.” Tàbí, “Ó korò díẹ̀ níkẹyìn. Ẹni tí yóò fi kọ ìwé ẹ̀sùn ni kí ẹ fún.”

Bí ó bá ń tọ́ pẹ́ńsù wò, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dìde, kí wọ́n tẹríba, kí wọ́n dijú, kí wọ́n má baà fi ojú dà á láàmú. Bí ó bá ti sọ pé, “Ó dé ọ̀fun!” wọn yóò lajú, wọn yóò pàtẹ́wọ́. Ìkíni pàápàá, ó yí i padà. Ní Àjọ Ohun Ìkọ̀wé, a kì í sọ pé ẹ káàárọ̀. “Ẹ kú ṣóńṣó, sà!” ni wọ́n ń sọ. Ọ̀gá yóò gbé ìka ìfábẹ̀lá sókè, yóò dáhùn pé, “Kò ní kán!”

Atẹ̀wé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹ̀bùn, ọmọ jẹ́jẹ́. Ó sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ kan pé èépá pẹ́ńsù há sí irunmú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti gbé Ẹ̀bùn lọ sí ẹ̀ka àjọ náà ní Alábàtà, tí í ṣe oko ẹ̀gẹ́ lásán lásìkò yẹn, níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí yóò tẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá wà lójú ọ̀gá, ara ojú ọ̀gá ni.

*

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ìjọba kó pẹ́ńsù wá, páálí lórí páálí. Ọdún yẹn, ọjà òkè òkun ti há. Pẹ́ńsù tó wà ní ìgboro, bí o bá gbẹ́ ẹ, yóò kán. Bí o tún un gbẹ́, yóò tún kán, títí igi yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ láì tíì kọ orúkọ ara rẹ. Nítorí náà àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń retí ti ìjọba yìí gidigidi.

Láwàlì, tí í ṣe olórí akọ̀wé, ọmọ ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́ ní Ìjẹmọ̀, wọlé pẹ̀lú ìtẹríba.

“Ẹ kú ṣóńṣó, sà. Mọ́tò ti wà nílẹ̀. Ṣé ká máa pín wọn?”

“Pín?” Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ dìde dúró. “Láwàlì, ṣé ẹ̀wà ni?”

“Rárá o, sà.”

“Ṣé gàrí ni?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, sà.”

“Gbọ́ mi. Ọmọ Ẹ̀gbá kankan kò gbọdọ̀ fi pẹ́ńsù tí èmi Josiah Ọládipọ̀ kò tọ́ wò kọ A, B, D. Bí mo bá gbà á láyè, kí ni n óò sọ fún Lísàbi bí mo bá dé ọ̀run?”

“Ẹ ò ní rí nǹkan sọ, sà.”

“Kó gbogbo rẹ̀ wọlé.”

Báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ pẹ́ńsù ìjọba wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ ń lọ. Ahọ́n rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó pín wọn sí ọ̀nà méjì. Èyí tó yege, ó ní ó ti dára jù fún ọmọdé, pé ọmọdé yóò jẹ ìdí rẹ̀ ni. Ó kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí ó fi owó àjọ kàn. Èyí tó kùnà, ó ní kò yẹ ọmọ Ẹ̀gbá. Ó ní kí wọ́n lọ sun ún níná. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀nà kẹta. Àwọn olùkọ́ ń ránṣẹ́, àwọn ọmọ ń fi èédú kọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ sì ń dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́.

*

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú ni àwọn aláró Kemta. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ń pa àdìrẹ láró, tí wọ́n ń tà á ní Ìtòkú. Mùsùlùmí wà nínú wọn, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní ọmọ nílé ìwé. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ ọ̀gá gan-an ni wọ́n ya wọ ọ́fíìsì, ọwọ́ wọn dúdú fún aró dé ìgúnpá. Alhaja Kùdírátù ló ṣáájú, Asiata tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ ló tẹ̀ lé e.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá,” Alhaja wí.

Láwàlì súnmọ́ ọn, ó rọra sọ pé, “Alhaja, a kì í kí wọn bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹ sọ pé, ẹ kú ṣóńṣó.”

“Ẹ kú kí ni?”

“Ṣóńṣó.”

Asiata yíjú sí Láwàlì. “Ṣé ara ọ̀gá yín yá?”

Alhaja kò dúró gbọ́ èsì. “Ọ̀gá, pẹ́ńsù àwọn ọmọ la bá wá. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìdánwò àṣewọlé sẹ́kọ́ńdírì. Pẹ́ńsù ni wọ́n ní kí wọ́n fi ṣe é. Sìdíkàt ọmọ mi wà níbẹ̀, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ àfi èédú àdògán. Ẹ dákun, ẹ fún wọn ní èyí tí ìjọba kó wá.”

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ fà sẹ́yìn lórí àga rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ súre.

“Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin òpó tó gbé Kemta ró! Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ aró, ṣé ẹ máa ń yọ aṣọ nínú ìkòkò kó tó mu ún tán?”

“Rárá o,” Alhaja wí.

“Ẹ ṣeun! Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn. Wọ́n ṣì wà nínú ìkòkò.”

“Ṣùgbọ́n bó bá ti mu ún tán, ọ̀gá, a máa ń yọ ọ́. A kì í wọ inú ìkòkò lọ jókòó tì í.”

Láwàlì bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Ó húkọ́ títí ó fi kọjú sí ògiri.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. “Ní Ọjọ́bọ̀, Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ wá síbí. Ìpàtẹ pẹ́ńsù ńlá yóò wáyé, irú rẹ̀ kò sí rí láti Ṣàgámù títí dé Ìlaròó. Ẹ kó àwọn ọmọ wá. Wọn yóò fojú rí pẹ́ńsù tòótọ́.”

“Kí wọ́n fojú rí i?” Asiata fọwọ́ lẹ́rán. “Ojú ni wọn yóò fi kọ ìdánwò ni?”

Wọ́n kó wọn jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àmì ọwọ́ aró Asiata wà lára ilẹ̀kùn, ní ọ̀gangan “Ọ̀gá Àgbà”.

Nílé ọ̀gá, ìyàwó rẹ̀ Títílọlá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Òun nìkan ló ń fi oríkì pè é.

“Àkànní, fún àwọn ọmọ yẹn ní pẹ́ńsù.”

“Títí, o kò mọ ohun tó ń lọ. Bí Kọmíṣọ́nnà bá fojú kan ohun tí mo kó jọ, ibi tó bá dúró sí ni yóò ti yọ ‘adelé’ kúrò lórí mi.”

“Kó má lọ yọ èyí tó kù mọ́ ọn.”

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin kì í mọ iyì pẹ́ńsù. Ó jẹun yó, ó lọ yan agbádá funfun tí yóò wọ̀.

*

Láwàlì wá ń wá ẹ̀bùn. Gbogbo olórí ẹ̀ka ló ń mú pẹ́ńsù kan wá fún ọ̀gá ní ọjọ́ ńlá, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn borí òun. Ó ṣí àpótí bàbá àgbà rẹ̀ nílé wọn ní Ìjẹmọ̀. Bàbá náà ra epo àti èkùrọ́ fún àwọn òyìnbó láyé àtijọ́. Nínú agolo kan tó ti dípẹtà ló ti rí pẹ́ńsù kan, gígùn rẹ̀ pé, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ohun tí wọ́n kọ sí i lára ti parẹ́. Ó gbẹ́ ẹ díẹ̀, ó fi fa ìlà sórí páálí. Ó kọ àwọ̀ eérú bí pẹ́ńsù yòókù. Láwàlì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣe akọ̀wé Relùwéè ti mọ ohun tó ń bọ̀. Pẹ́ńsù oníyíǹkì ni. Kí báírò tó dé, òun ni àwọn akọ̀wé fi ń kọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́bà pa. Bí ó bá gbẹ, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti èyí tó kù. Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, ó di yíǹkì elésè àlùkò, ọṣẹ kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Láwàlì kò mọ̀. Bàbá àgbà rẹ̀ ti kú.

Ọjọ́bọ̀ pé. Gbọ̀ngàn àjọ kún. Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú yúnífọ́ọ̀mù, àwọn aláró jókòó sẹ́yìn. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, pẹ́ńsù sùn lórí aṣọ funfun, wọ́n tò wọ́n láti orí àwọ̀ dé àwọ̀, tí ẹni tó bá rí wọn kò lè ṣàì sọ pé ó wuni. Àwọn ọmọ ń wò wọ́n bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo búrẹ́dì.

Kọmíṣọ́nnà pẹ́ kí ó tó dé. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́wò.

Láwàlì bọ́ síwájú, ó fi aṣọ sẹ́dà gbé pẹ́ńsù náà dání. “Ọ̀gá wa, ìrawọ̀ àwọn akọ̀wé, ahọ́n tí kì í ṣìnà! Ilé wa ti tọ́jú pẹ́ńsù yìí kí wọ́n tó bí mi. Kí wọ́n tó bí yín pàápàá ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ dè yín.”

“Mo mọ̀,” Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ wí. “Mo ti ń lá àlá rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹ́ ku ọ̀kan ṣoṣo láyé. Ẹ tẹríba!”

Gbogbo òṣìṣẹ́ tẹríba, wọ́n dijú. Ó fi ẹnu pẹ́ńsù kan ahọ́n. Ó dùn díẹ̀, ó sì tún korò, adùn kan tí kò bá pàdé rí. Ó tún un lá. Ó fi ra ètè òkè, ó fi ra ètè ìsàlẹ̀. Ó ki gbogbo ṣóńṣó rẹ̀ bọ ẹnu, ó mu ún bí ọmọ ṣe ń mu ọmú.

“Ó dé ọ̀fun!” ó kígbe. “Ó kọjá ọ̀fun!”

Wọ́n lajú. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n fẹ́ pa kú sí wọn lọ́wọ́.

Ètè ọ̀gá ti di elésè àlùkò. Eyín rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlà kan ń ṣàn bọ̀ wá sí àgbọ̀n. Òógùn ń bo ọ̀gá, ó yọ áńkáṣíìfù funfun, ó nu ẹnu, ó sì fi nu iwájú orí àti imú. Ọmọ kan fọ́n ẹ̀rín. Olùkọ́ rẹ̀ já a léèékánná. Olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ń ronú nípa Ẹ̀bùn.

“Láwàlì,” ọ̀gá wí, “kí ló dé tí ẹ̀ ń wò mí báyìí?”

“Ojú yín ń tàn ni, sà.”

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ gbà á gbọ́. Láti ìgbà tó ti di adelé, kò rí i kí èrò tẹjú mọ́ òun tó báyìí. Orí rẹ̀ wú. Ó na pẹ́ńsù náà sí wọn. “Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, ẹ wá tọ́ ọ wò. N kò fẹ́ dá jẹ ẹ́.”

Láwàlì wo pẹ́ńsù. Ó wo ẹnu ọ̀gá. Ó wo Alábàtà nínú ọkàn rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀. Ó lá a. Àwọn tó tẹ̀ lé e lá a. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà iwájú fi ní ẹnu kan náà.

Lẹ́yìn, Asiata fi ìgúnpá gbún Alhaja. “Ẹ wo aró.”

“Aró yẹn mà mú o,” Alhaja wí. “Ó mú ju ti ìkòkò mi lọ.”

Ìgbà náà ni Kọmíṣọ́nnà wọlé.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí kì í pariwo. Ó bọ ọ̀gá lọ́wọ́, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo ẹnu àwọn olórí ẹ̀ka láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìlà. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ara gbogbo yín dá?”

“Ara wa dá ṣáṣá, Ọlọ́lá jùlọ!” Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Òní ni ọjọ́ tí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti ń retí láti ìgbà tí a ti tẹ ìdí Òkúta Olúmọ dó! Nígbà tí àwọn mìíràn ń jókòó, èmi ń lá. Nígbà tí wọ́n sùn, èmi ń gbẹ́. Ọlọ́lá jùlọ, kò sí pẹ́ńsù kan tí ìjọba kó wá lọ́dún yìí tí kò gba ẹnu mi kọjá!”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀, láìku ọ̀kan!”

“Èwo wá ni àwọn ọmọ gbà?”

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ tún agbádá rẹ̀ ṣe. “Wọn kò tíì gbà á, Ọlọ́lá jùlọ. Wọ́n ń wò ó.”

Alhaja Kùdírátù dìde lẹ́yìn. “Kọmíṣọ́nnà, ẹ kú ìrìn o. Sátidé ni ìdánwò wọn. Èédú la fi ń kọ́ wọn nílé.”

Kọmíṣọ́nnà wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo àwọn ọmọ. Ó mú pẹ́ńsù tí wọ́n ti lá kiri náà lọ́wọ́ ẹni tó lá a kẹ́yìn, ó yí i wò, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀. “Pẹ́ńsù oníyíǹkì! Bàbá mi fi èyí kọ̀wé ní Relùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ká má fi ẹnu kàn án.” Ó bojú wẹ̀yìn, ó dẹ ohùn. “Ọ̀gá, èyí kì í ṣe nǹkan. Yóò ṣí lẹ́nu yín bó bá yá. Ẹ wò ó, ìwé tí yóò fi yín jẹ ọ̀gá àgbà tán pátápátá, mo mú un dání, ó wà nínú báàgì mi. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Ẹ fi ọwọ́ ara yín pín pẹ́ńsù fún àwọn ọmọ yìí. Bó bá ti kan ọmọ tó gbẹ̀yìn, n óò buwọ́ lu ìwé náà lójú gbogbo èèyàn.”

Ẹ ò rí àánú! Ohun tí ọ̀gbẹ́ni náà ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀.

Ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú gíláàsì, ó rí ọkùnrin kan tí ẹnu àti imú rẹ̀ rí elésè àlùkò. Ó kọ́kọ́ bínú pé ta ló jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé síbi ìpàtẹ. Nígbà tí ẹni náà fọwọ́ kan ètè nígbà kan náà tí òun fọwọ́ kan ètè, ó yé e. Ó fẹ́ sá jáde. Ṣùgbọ́n ó rántí ìwé inú báàgì, ó ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì náà.

Ó ń pín in, omi ń dà lójú rẹ̀. “Gbà. Ìdí ni kí o ti mú un o. Má tẹ̀ ẹ́ jù.” Ó fún òmíràn. “Èyí fẹ́ràn òwúrọ̀.” Ó fún ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. “Má fi kan ẹnu o!”

“Ẹ̀yin ńkọ́, sà?” ọmọ náà bi í.

Gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín. Kọmíṣọ́nnà pàápàá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú èrò ń dùn, kọ́bọ́ọ̀dù ń ṣófo, Kọmíṣọ́nnà sì ti yọ ìwé náà síta, ó ti ṣí ìdérí báírò rẹ̀.

Ọmọ tó gbẹ̀yìn ni Sìdíkàt, ọmọ Alhaja Kùdírátù. Pẹ́ńsù tó gbẹ̀yìn ni aláwọ̀ ewé tó wá láti Jámánì, tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé sí àárín ìpàtẹ láàárọ̀ fún ẹwà.

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀gá na pẹ́ńsù sí i. Ọmọ di orí kan mú. Ọ̀gá kò fi orí kejì sílẹ̀.

“Kí lorúkọ rẹ?”

“Sìdíkàt, sà.”

“Sìdíkàt, ṣé o mọ ohun tí èyí jẹ́?”

“Pẹ́ńsù ni, sà.”

“Pẹ́ńsù! Ẹ gbọ́ o! Ó pè é ní pẹ́ńsù!” “Ọlọ́lá jùlọ, ẹ jẹ́ kí n wá òmíràn fún un lọ́la. Kí n wá méjì. Kí n wá páálí kan!”

“Ó ti tó, ọ̀gá,” Kọmíṣọ́nnà wí. “Ẹ fi sílẹ̀.”

“Àkànní!” Títílọlá ké láàárín èrò. “Fi sílẹ̀!”

“Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀ o!” Láwàlì náà ké, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ elésè àlùkò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò sọ òtítọ́ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Kọmíṣọ́nnà. Ó rí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ lójú ọkàn, láìsí “adelé” níbẹ̀ mọ́, ó rí mọ́tò tí wọn yóò fún un, ó rí bí wọn yóò ṣe máa dìde fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣí. Òórùn igi náà wá sí i nímú. Àtàǹpàkò náà padà sípò. Ó fà. Sìdíkàt, tí ìyá rẹ̀ kọ́ pé kí ó máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ó sì fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ń fà á síwá sẹ́yìn níwájú ìjọba, adelé ọ̀gá àgbà àti ọmọ kíláàsì kẹfà. Níkẹyìn ọ̀gá já a gbà, ó sọ ọ́ sínú àpò agbádá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo àpò náà.

Kọmíṣọ́nnà dé báírò rẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà sínú báàgì. “Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa lọ sílé.”

“Títí di ọjọ́ wo, Ọlọ́lá jùlọ?”

“Ẹ ṣáà máa lọ ná.”

Alhaja Kùdírátù ti rìn dé iwájú. Ó ki ọwọ́ aláró rẹ̀ bọ àpò agbádá funfun náà títí dé ìgúnpá, ó mú pẹ́ńsù jáde, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ ṣeun, sà,” Sìdíkàt wí fún ọ̀gá. Ó sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

*

Wọ́n ṣe ìdánwò náà ní Sátidé. Sìdíkàt yege, ó sì wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ó ti gbẹ́ pẹ́ńsù náà tán kí ọdún tó parí, ó sì ju ìdí rẹ̀ nù. Láwàlì ni adelé ọ̀gá àgbà Àjọ Ohun Ìkọ̀wé báyìí. “Ẹ káàárọ̀” ni wọ́n ń kí ara wọn níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ ṣí ìsọ̀ kan sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Lafẹ́ńwá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ara rẹ̀ le, ó sì ti sanra díẹ̀. Wọ́n ń ta ìwé, yíǹkì, rọ́bà àti rúlà. Pẹ́ńsù wà lórí àtẹ. Kò tíì gbà láti ta ọ̀kan.